Ìjàpá Kì Í Fàyà Wọ́lẹ̀

Ọmọ mi, àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi ti dé. Mo rí ọkọ̀ Ìjàpá Volkswagen náà, mo rí ọ̀dà aláwọ̀ ojú ọ̀run tí o fi kùn ún, mo sì rí i pé o ti wá ojúlówó bọ́ńpà fún un, èyí tí mo rò pé ó ti tán nílẹ̀ yìí. O káre. Lẹ́yìn náà ni mo wá ka ohun tí o kọ sábẹ́ rẹ̀: pé o fẹ́ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí imú rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbóòórùn ọ̀dà títì, àti pé ọ̀rẹ́ rẹ kan mọ wẹ́dà tí yóò parí iṣẹ́ náà láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Ogójì ìṣẹ́jú yẹn ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn lánàá.

Má rò pé mo fẹ́ dá ọ lẹ́kun. Ní 1975, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ni mí ní Mushin. Owó Udọji, èyí tí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Olùkọ́ ń ra Ìjàpá, nọ́ọ̀sì ń ra Ìjàpá, akọ̀wé kóòtù tó ti ń fẹsẹ̀ rìn láti ọjọ́ yìí wá náà ra tiẹ̀. Àwa ọmọ ìkọ́ṣẹ́ sì ní àṣejù tiwa. A rí àwòrán Ìjàpá àwọn ọ̀dọ́ California nínú ìwé ìròyìn kan tí ẹnìkan kó bọ̀ láti òkè òkun; láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn yẹn ti ń rẹ imú tiwọn sílẹ̀. Ni àwa náà bá kó àpò yanrìn méjì sínú búùtù iwájú ọkọ̀ oníbàárà, kí imú rẹ̀ lè tẹ̀. Ọ̀gá wa ò sọ̀rọ̀. Etí wa ló sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Nítorí náà mo mọ ohun tó ń ṣe ọ́.

Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ kò sọ fún ọ ni pé gíga tí ọkọ̀ yẹn ga kì í ṣe ìgbéraga. Ààyè ni. Àlàfo tó wà láàárín táyà àti fẹ́ńdà, èyí tó ń bí ọ nínú yẹn, ibẹ̀ ni táyà ń sá sí nígbà tí ọkọ̀ bá já sí kòtò. Bí o bá mú sẹ̀ǹtímítà 5 kúrò nínú gíga ọkọ̀, inú ààyè yẹn ni o ti mú un. Títì Èkó kò sì ní tìtorí tìrẹ dín kòtò rẹ̀ kù. Bí ààyè bá tán kí kòtò tó tán, irin á lu irin, èyí tí ó bá rọ jù nínú wọn á ṣẹ́. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: kí o mọ iye ààyè tí o ń ná, kí o sì mọ ibi tí o ti máa dá a padà.

Ìjàpá inú àlọ́ pàápàá, pẹ̀lú gbogbo ojúkòkòrò ọkọ Yánníbo, kì í fàyà wọ́lẹ̀. Wò ó nígbà tó bá ń kọjá nínú oko. Ó kúrú o, ṣùgbọ́n ó ń fi ẹsẹ̀ gbé igbá ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò nílẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ yẹn ló fi ń rìn.

Ọkọ̀ yìí kò ní sípíríǹgì tó lọ́ bí ejò bíi ti Corolla. (Àwọn 1302 àti 1303 ní irú rẹ̀ níwájú, ṣùgbọ́n mo ti wo tìrẹ dáadáa nínú àwòrán, kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn.) Irin tó ń lọ́ ara rẹ̀ ló gbé e, èyí tí à ń pè ní tọ́ṣọ̀n. Ferdinand Porsche ló gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n náà ní Jámánì ní 1931. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le: ìwọ náà ti bá ìyá rẹ fún aṣọ ìbora tútù rí. O di orí kan mú, ìyá rẹ ń fún orí kejì, bí ó bá sì ti fún un tó ni aṣọ ń fẹ́ tú padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni irin yẹn ṣe ń gbé ọkọ̀.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iwájú, nítorí ibẹ̀ ni wẹ́dà ogójì ìṣẹ́jú ti ń dúró dè ọ́. Páìpù irin méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lórí ọ̀kan, wọ́n dábùú ọkọ̀. Àwọn méjèèjì pọ̀ ni à ń pè ní bíìmù. Inú páìpù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n to irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ sí bí ìgbálẹ̀ tí a dì, síkúrúù kan sì di àárín wọn mú. Wẹ́dà kan lè sọ fún ọ pé òun á yọ díẹ̀ nínú àwọn irin pẹlẹbẹ wọ̀nyẹn dànù. Lóòótọ́ ọkọ̀ á wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù tí irin mẹ́wàá ń gbé tẹ́lẹ̀, tí o wá dá márùn-ún dá a, ṣé ó ti fúyẹ́ ni? Yóò máa fò sókè sódò bí ọkọ̀ ojú omi, gbogbo kòtò ni yóò sì máa kàn dé ìdí. Mo ti rí àwọn oní-Datsun tó ń fi iná gáàsì yan sípíríǹgì títí á fi rọ̀ wálẹ̀. Irú ìwà kan náà ni. Irin sípíríǹgì tí iná bá ti jẹ líle rẹ̀ ti di irin lásán.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n gé àárín páìpù, kí wọ́n yí i díẹ̀, kí wọ́n sì jó o padà. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Jákèjádò ayé ni àwọn olólùfẹ́ Ìjàpá ń ṣe é, wọ́n tilẹ̀ ń ta irin eléyín kan tí à ń jó sí àárín ibẹ̀, tí o fi lè máa rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ tàbí kí o gbé e sókè nígbàkígbà tó bá wù ọ́, tí o kò ní tún pe wẹ́dà mọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe é àti bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀rẹ́ rẹ ní wẹ́dà náà á kàn wọ abẹ́ ọkọ̀. Wo ohun tó wà lókè bíìmù yẹn nínú búùtù iwájú: táǹkì epo ni. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Èwo ni ti ẹni tó fi iná sábẹ́ táǹkì bẹntiróòlù tó sì sùn sábẹ́ rẹ̀?

Bíìmù gbọ́dọ̀ kúrò lára ọkọ̀ pátápátá. Àwọn irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde kí iná má baà jẹ wọ́n. Gíríìsì tó ti wà nínú páìpù láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kí o nù ún kúrò, nítorí òun náà ń jó. Kí wẹ́dà sì fi bóòtì de bíìmù mọ́ tábìlì irin tó wúwo kí ó tó gé e, torí irin tí iná bá fẹ́ lójú kan máa ń ká lọ síbi tí ó wù ú, bíìmù tó bá ká kò sí aláímẹ́ǹtì tó lè tún un ṣe. Iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko nìyẹn, bí ọwọ́ bá yá. Ohun mìíràn tí mo sì fẹ́ kí o ṣe: má gé tìrẹ. Lọ sí ọjà Ládípọ̀, wá ògbólógbòó bíìmù kan tí kò tíì dípẹtà, òun ni kí o gé. Kí o fi gíríìsì pa ojúlówó tìrẹ, kí o gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìjàpá tí wọ́n ṣe lé ní mílíọ̀nù 21, ṣùgbọ́n ní 2003 ni èyí tó kẹ́yìn jáde ní Puebla ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò.

Ọ̀nà kẹta kò ní iná nínú rárá. Wọ́n ń ta sípíńdù kan tí wọ́n ti gbé ọ̀pá tí táyà ń jókòó lé lórí lọ sókè. Táyà ga sí i lára rẹ̀, ọkọ̀ sì wálẹ̀, ṣùgbọ́n apá tó so ó mọ́ bíìmù wà níbi tí wọ́n dá a sí, ṣọ́ọ̀kù náà kò sì mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ọgbọ́n gidi nìyẹn. Ọwọ́ mi fà sí i. Ojú mi tó ń wo títì ni kò jẹ́ kí n gbà, torí èyí tí wọ́n sábà máa ń tà ń rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ tó íǹṣì 2 ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì ṣeé dín. Ìjàpá kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Yọ 6 kúrò níbẹ̀, kí o wá gbé èyí tó kù kọjá lórí ìdènà eré tí àwọn ará àdúgbò rẹ fi símẹ́ńtì ṣe. Lójú tèmi, sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4 ti tó, irin eléyín ni mo sì máa fi ṣe é. Ìdí mìíràn tún wà: ọ̀pọ̀ Ìjàpá láti ti ọdún 1966 wá, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ló wà níwájú wọn dípò kíǹpíìnì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì kì í sì tẹ̀ kọjá ibi tí wọ́n mọ fún un. Bí o bá yí bíìmù jù, ọrùn rẹ̀ á máa lu etí ihò rẹ̀ títí yóò fi já. Táyà tó bá já kúrò lórí eré kì í dágbére.

Ṣé o rántí bí o ṣe máa ń gun kẹ̀kẹ́ ológere tí o máa ń fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, tí kẹ̀kẹ́ á ṣì máa lọ tààrà, tí ìyá rẹ á máa pariwo? Irin iwájú kẹ̀kẹ́ yẹn fì sẹ́yìn díẹ̀ lókè ni. Fífì yẹn ló ń fa táyà sọ́nà. Iwájú Ìjàpá ní irú rẹ̀. Bí o bá wá rẹ imú nìkan sílẹ̀, tí o fi ìdí sílẹ̀ lókè, gbogbo ara ọkọ̀ á doríkodò, fífì yẹn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tán. O ò ní mọ̀ ní Surulere. Ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ni o ti máa mọ̀, nígbà tí o bá wà lórí 100, tí tírélà sì yà ọ́ sílẹ̀: ẹ́ńjìnì wà lẹ́yìn, imú fúyẹ́, atẹ́gùn gbá a, ọwọ́ ìtọ́kọ̀ sì rọ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́ bí ìgbà tí kò sí ohun tó so ó mọ́ táyà. Mo ti bá oníbàárà wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ padà láti Ṣágámù rí, mo sì fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì tẹ bíréèkì tí kò sí níwájú mi. Oògùn rẹ̀ kò wọ́n: irin pẹlẹbẹ bíi wáṣà tí à ń fi sáàárín páìpù ìsàlẹ̀ bíìmù àti orí ṣáàsì, tí yóò ti ìsàlẹ̀ lọ síwájú díẹ̀, kí fífì náà lè padà. Kí o wá bóòtì tó gùn jù ti tẹ́lẹ̀ fún un. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé nọ́ọ̀tì tó mú eyín méjì péré ti mú.

Ẹ̀yìn ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ìṣirò ló wà níbẹ̀, kò sí iná.

Ní ẹ̀yìn, ọ̀pá irin róbótó kan ló wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Orí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ní eyín. Orí tó wọnú ṣáàsì ní eyín 40. Orí tó wà níta, tó wọnú pléètì tó gbé táyà, ní eyín 44. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà wọ́n, mo rò pé mo ṣì í kà. Ọ̀gá ní kí n tún un kà. Eyín kan nínú 40 jẹ́ dígírì 9. Eyín kan nínú 44 lé díẹ̀ ní 8. Bí o bá yí ti ìta ní eyín kan ṣoṣo, táyà á gbéra tó íǹṣì 2 tàbí kó lé díẹ̀, ìyẹn sì pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí o bá yí ti inú ní eyín kan sí ìhín, tí o yí ti ìta ní eyín kan sí ọ̀hún, ohun tó máa yàtọ̀ kò tó dígírì kan. Ní ìdí táyà, nǹkan bíi mìlímítà 6 nìyẹn. Ó dà bí ìyá aláta tó ní òṣùwọ̀n méjì tí ọ̀kan fi díẹ̀ ju èkejì lọ: ó fi ńlá bù ú, ó fi kékeré mú un kúrò, ohun tó kù kò tó ẹ̀kúnwọ́. Ìgbésẹ̀ méje irú rẹ̀ á fún ọ ní sẹ̀ǹtímítà 4. O kò gé nǹkan kan. Bí ó bá sú ọ lọ́dún tó ń bọ̀, o ka eyín rẹ padà.

Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde nínú iṣẹ́ yìí náà nìyẹn o. Pléètì yẹn jókòó lé etí irin kan, pẹ̀lú gbogbo agbára tí ọ̀pá náà fi ń fẹ́ tú. Nígbà tí táyà bá ti kúrò, kò sí ohun tó dí agbára yẹn lọ́wọ́ bí kò ṣe etí irin yẹn nìkan. Ní ọdún kejì ìkọ́ṣẹ́ mi, ọ̀gá jáde lọ ra nǹkan, ẹnìkejì mi sì ní òun á ti parí rẹ̀ kó tó dé. Ó ti ọ̀pá irin gígùn bọ abẹ́ pléètì, ó sì fi wọ́ ọ kúrò. Mi ò rí i nígbà tó fò. Mo gbọ́ ọ. Ìka méjì ló ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, iṣẹ́ télọ̀ ni wọ́n wá gbé e lọ kọ́ lẹ́yìn náà, ó sì ń fi ìka mẹ́ta di síṣọ́ọ̀sì mú títí dòní. Jáàkì ni kí o fi sábẹ́ pléètì, kí o fi ṣéènì so jáàkì àti pléètì pọ̀ mọ́ ara ṣáàsì kí ó má lè yọ̀, kí o gbé e kúrò lórí etí irin yẹn díẹ̀díẹ̀, kí o sì máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Má dúró síwájú rẹ̀. Má sì fi búlọ́ọ̀kù símẹ́ńtì gbé ọkọ̀ fún mi! Búlọ́ọ̀kù kì í ya kí ó tó fọ́. Igi tó nípọn sàn jù ú lọ, ìdúró irin ló dára jù.

Kí pléètì tó kúrò, fi ṣísẹ́ẹ̀lì fa ìlà kan kọjá lórí òun àti ibi tí ó ti so mọ́ ẹ̀yìn táyà, kí o lè dá a padà síbi tó wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ táyà ẹ̀yìn á máa wo ìhà mìíràn. Má pààrọ̀ ọ̀pá ọ̀tún sí òsì: wọ́n ti lọ́ wọn tẹ́lẹ̀ láti ilé iṣẹ́, sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, L àti R sì wà lójú orí wọn. Má jẹ́ kí ohunkóhun ha ọ̀dà ara wọn, torí ibi tí ọ̀dà bá ti ṣí ni ìpẹtà ń bẹ̀rẹ̀, ibi ìpẹtà sì ni ọ̀pá ti ń ṣẹ́. Fi gíríìsì pa eyín wọn. Àwọn rọ́bà róbótó tó yí wọn ká, pàúdà ni à ń fi pa wọ́n kí wọ́n lè wọlé. Pàúdà ọmọdé gan-an ni mo wí. Protractor tí o fi ṣe ìṣirò nílé ìwé náà á wúlò nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín: fi í wọn igun pléètì lápá méjèèjì, má fi ojú wò ó. Ojú máa ń gbà fún ẹni tó ti rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀yìn bá wálẹ̀, táyà ẹ̀yìn á yasẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ja gídígbò. Má jáyà. Àwọn Ìjàpá tí ákísù ẹ̀yìn wọn ń fì sókè sódò bíi tìrẹ ní àìsàn kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn, pé bí ìdí bá gbéra níbi kọ́nà, táyà á fẹ́ ká sábẹ́. Ìyasẹ̀ díẹ̀ yẹn ń dín in kù. Etí inú táyà ni yóò kàn máa tètè jẹ.

Bí a bá fa gbùùrù, gbùùrù a fa igbó. Ṣọ́ọ̀kù tó gùn bíi ti tẹ́lẹ̀ kò bá ọkọ̀ tó ti kúrú mu mọ́; á máa ká dé ìdí, á bú, á da òróró sílẹ̀. Ra èyí tó kúrú, níwájú àti lẹ́yìn. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Rọ́bà ìdádúró tó wà níbẹ̀ kí irin má baà lu irin, má yọ ọ́, bí wẹ́dà bá ní ó ń dí òun lọ́wọ́, kí ó máa dí i.

Ti táyà ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn kan máa ń fi táyà kékeré síwájú, 145/65 dípò 155 tó bá ọkọ̀ wá. Ìyẹn nìkan á rẹ imú sílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3, láìfọwọ́ kan irin kankan. Kò burú, bí táyà náà bá lè gbé ẹrù ọkọ̀. Ṣùgbọ́n wáyà tó ń ka eré Ìjàpá, inú táyà iwájú lápá òsì ló ti jáde. Táyà kékeré ń yípo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oníbàárà mi kan wá fẹjọ́ sùn pé ẹ́ńjìnì òun ti lágbára sí i lójijì, pé òun ti ń sá 110. Mo wo táyà rẹ̀, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, 100 lẹ ń sá.” Kò padà wá fún oṣù mẹ́ta.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, má tíì wà á lọ síbi àríyá. Fi ẹfun pa inú fẹ́ńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ mẹ́ta kí wọ́n jókòó sínú rẹ̀, kí èyí tó mọ wẹ́dà wà lára wọn. Yí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ dé ìpẹ̀kun ọ̀tún, dé ìpẹ̀kun òsì, kí ẹnìkan máa wo rọ́bà bíréèkì nísàlẹ̀ bóyá ó ń nà jù tàbí ó ń fara kan táyà. Lẹ́yìn náà kí ẹ wà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yípo àdúgbò, kí ẹ sì gun ìdènà eré kan. Bí ẹ bá dé, bẹ̀rẹ̀ kí o wo inú fẹ́ńdà. Níbi tí ẹfun bá ti parẹ́, táyà ti dé ibẹ̀, ọkọ̀ náà á sì gbéra sókè díẹ̀. Lẹ́yìn 100 kìlómítà, tún gbogbo bóòtì dì, kí o sì gbé e lọ fún aláímẹ́ǹtì.

Mo wà nílé ní Sátidé. Bá mi sọ fún wẹ́dà ogójì ìṣẹ́jú yẹn pé o dúpẹ́. Gbé ọkọ̀ náà wá bó ṣe wà, kí táǹkì rẹ̀ má kún. Mo ní jáàkì, mo ní ṣéènì. Ra pàúdà lọ́wọ́ bọ̀. Ti ọmọ-ọmọ mi ni mo lò fún èyí tí mo ṣe kẹ́yìn, ìyá rẹ̀ kò sì tíì dárí jì mí.